Orí Kẹsàn-án: Ìmọ̀ràn Búrókà àti Ẹ̀bi Lábẹ́ Òfin

Ní oṣù Keje ọdún 2018, àgbàrá òjò ya wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá bá omi lọ. Àwọn tó ń gbé létí Odò Ògùn kò ṣàjèjì sí irú ewu bẹ́ẹ̀. Odò náà gba Láfẹ́nwá kọjá láàárín ìlú, Odò Ọyán tó ń ṣàn sínú rẹ̀ sì ní ìsédò ńlá tó ti wà láti ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, tí wọ́n sì tú omi ìsédò sílẹ̀, ọkàn àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kì í balẹ̀.

Oníṣòwò tó ti ra ìwé adójútòfò iná fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè rò pé kò séwu mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń kọ ìwé adójútòfò iná, iná àti àrá ló wà fún. Omíyalé, ìjì àti rògbòdìyàn kò sí níbẹ̀, àfi bí oníbàárà bá san owó lé e kí wọ́n lè fi wọ́n kún un. Ta ló yẹ kó sọ èyí fún oníṣòwò náà kí omi tó dé? Bí ẹni náà kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ìdáhùn òfin sí ìbéèrè méjèèjì ni orí yìí dá lé.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- ya búrókà sọ́tọ̀ kúrò lára ajẹ́ńtì, kó sì sọ ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì níwájú adájọ́;
- ṣàlàyé ibi tí ojúṣe búrókà sí oníbàárà ti wá;
- sọ ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn kó tó lè gba owó gbà-má-bìínú;
- ṣírò iye tó tọ́ kí búrókà san.

Búrókà àti ajẹ́ńtì

Ẹni mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí àdéhùn adójútòfò. Èkíní ni oníbàárà tó ń bẹ̀rù òfò. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń gba owó, tó sì ṣèlérí láti san owó òfò náà bí òfò bá dé. Ẹ̀kẹta ni alágbàtà tó wà láàárín wọn. Ìdí ẹ̀kẹta yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí, nítorí oríṣi alágbàtà méjì ló wà.

Ajẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ọjà ilé-iṣẹ́ yẹn ló ń tà, àṣẹ wọn ló sì ń tẹ̀ lé. Bó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ilé-iṣẹ́ tó rán an lè jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀. Búrókà yàtọ̀. Oníbàárà ló ń ṣojú fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni kọmíṣọ̀n rẹ̀ ti ń wá. Ipò rẹ̀ jọ ti alárenà nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́: ẹbí ọkọ ló rán an, òun ló gbọ́dọ̀ wádìí ilé tí wọ́n fẹ́ fẹ́mọ, kò sì gbọdọ̀ fi ohun tó rí níbẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó rán an.

Nítorí náà, bí ìmọ̀ràn búrókà bá kó oníbàárà sí wàhálà, búrókà fúnra rẹ̀ ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ní ọ́fíìsì àti páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1997 dá sílẹ̀, ló ń fún búrókà ní ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ àwọn búrókà, NCRIB, ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2003. Òfin tún béèrè pé kí búrókà ra adójútòfò fún àṣìṣe tó bá ti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: bí oníbàárà bá borí ní kóòtù, ó yẹ kí owó wà níbi kan tí yóò ti gbà á.

Lọ́dún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó tún ètò adójútòfò Nàìjíríà ṣe, tó sì rọ́pò Òfin Adójútòfò ọdún 2003. Nọ́ńbà abala tí orí yìí ń tọ́ka sí jẹ́ ti òfin 2003, nítorí lábẹ́ òfin yẹn ni àwọn ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ ti wáyé.

Ibi tí ojúṣe náà ti wá

Àdéhùn ni gbòǹgbò àkọ́kọ́. Bí oníbàárà bá ní kí búrókà bá òun wá adójútòfò, tí búrókà sì gbà, àdéhùn ti wà láàárín wọn, ì báà má sí ìwé kankan tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Òfin á kà á sí pé búrókà ti ṣèlérí láti fi ìmọ̀ àti ìṣọ́ra tó yẹ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Kò ṣèlérí pé òfò kò ní dé, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣèlérí pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè. Ohun tó ṣèlérí ni pé òun yóò ṣe é bí búrókà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é.

Gbòǹgbò kejì ni òfin àìbìkítà. Ní ọdún 1963, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Hedley Byrne àti Heller. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan fẹ́ mọ̀ bóyá apá oníbàárà rẹ̀ kan ká gbèsè tó fẹ́ jẹ, ó sì ní kí wọ́n bá òun bi báńkì ẹni náà. Báńkì ní kò séwu, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò gba ẹ̀bi kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn yẹn ló yọ báńkì. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ fi ìlànà kan lélẹ̀ tí gbogbo agbaninímọ̀ràn ń bẹ̀rù títí dòní: ẹni tó ní ìmọ̀ pàtàkì, tó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn gbára lé ọ̀rọ̀ òun, lè san owó òfò bó bá sọ̀rọ̀ láìfarabalẹ̀, kódà bí kò bá sí àdéhùn láàárín wọn. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ wa máa ń gbé e yẹ̀ wò, nítorí inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ni òfin àdéhùn àti òfin àìbìkítà wa ti ṣẹ̀.

Gbòǹgbò kẹta ni òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Yàtọ̀ sí òfin adójútòfò fúnra rẹ̀, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà fún ẹni tó bá sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí iṣẹ́ tó pójú owó, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìtànjẹ nídìí ọjà léèwọ̀.

Ẹjọ́ mẹ́ta tó la ọ̀nà

Ẹjọ́ Dickson àti Devitt wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Oníbàárà ní kí búrókà bá òun ṣe adójútòfò ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kan, tàbí ọkọ̀ mìíràn, kó wá. Akọ̀wé búrókà gbàgbé láti kọ apá tó ní "tàbí ọkọ̀ mìíràn". Ọkọ̀ mìíràn ni ẹrù náà sì bá wá, ó ṣòfò, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò sanwó. Búrókà wá rojọ́ pé oníbàárà gba ìwé náà lọ́wọ́ òun, ó sì yẹ kó ti kà á kó sì rí àṣìṣe. Adájọ́ Atkin kò gbà. Ó ní ẹni tó bá gbéṣẹ́ fún búrókà tó mọṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà pé búrókà ti ṣe ohun tí òun rán an.

Ẹjọ́ Osman àti J. Ralph Moss, tó wà nínú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1970, sún mọ́ ohun tí ojú ń rí nílé. Osman jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Búrókà bá a ra adójútòfò ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà wó. Lẹ́tà tí búrókà kọ sí Osman kò là á yé e pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní adójútòfò mọ́. Jàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n bu owó ìtanràn lé e lórí pé ó ń wakọ̀ láìní adójútòfò, ẹni tó ní ọkọ̀ kejì náà sì béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní búrókà ló jẹ̀bi, wọ́n sì fi owó ìtanràn náà kún ohun tí yóò san.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Wíwádìí bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò lágbára láti sanwó jẹ́ ara iṣẹ́ búrókà. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí yóò yé e. Búrókà tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà ní Òmìdá, tó sì mọ̀ pé Yorùbá nìkan ni ìyá náà gbọ́, kò tíì ṣe ojúṣe rẹ̀ bó bá kàn na ìwé olójú-ewé 20 tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí i.

Ẹjọ́ kẹta ni ti McNealy àti Pennine, ọdún 1978. Ọkùnrin kan fẹ́ ra adójútòfò ọkọ̀. Ó ní iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni òun ń ṣe, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò sọ ni pé òun tún máa ń ta gìtá gbowó. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ti fún búrókà ní ìwé tó to àwọn oníṣẹ́ tí wọn kì í gbà sílẹ̀, olórin sì wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ ló fi orin ṣe. Búrókà kò béèrè. Nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò sanwó, kóòtù sì dá búrókà lẹ́bi: ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó bi oníbàárà bóyá ó ń ṣe èyíkéyìí nínú àwọn iṣẹ́ yẹn. Oníbàárà kò lè dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ìṣirò láti Ìtòkú

Àpẹẹrẹ yìí jẹ́ ti ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó mílíọ̀nù 20 náírà. Búrókà rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ mílíọ̀nù 5 sínú fọ́ọ̀mù kí owó adójútòfò má bàa ga, ó ní iná kì í sábà jó gbogbo ọjà tán lẹ́ẹ̀kan. Iná ṣẹ́ yọ, ó jó aṣọ tó tó mílíọ̀nù 4 náírà. Obìnrin náà retí mílíọ̀nù 4, nítorí 4 kò tó 5.

Mílíọ̀nù 1 ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò san. Ìwé irú èyí sábà máa ń ní abala kan tó sọ pé ẹni tó bá kọ iye tó kéré sí iye dúkìá rẹ̀ ti gbà láti fi apá tó kù ṣe adójútòfò ara rẹ̀. Ìdá mẹ́rin ni mílíọ̀nù 5 nínú mílíọ̀nù 20. Nítorí náà, ìdá mẹ́rin òfò náà ni wọn yóò san: mílíọ̀nù 4 tí a pín sí mẹ́rin, ó jẹ́ mílíọ̀nù 1.

Ṣé búrókà jẹ̀bi? Bó bá ti ṣàlàyé abala yìí fún un, tí obìnrin náà sì yàn láti kọ mílíọ̀nù 5 síbẹ̀, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn búrókà. Bí kò bá sọ ọ́ rárá, tàbí tó sọ pé kò séwu, ó ti kùnà, nítorí ohun tí búrókà tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà tó fẹ́ kọ iye tó kéré ni. Iye tí kóòtù yóò ní kó san ni iye tí yóò dá obìnrin náà padà sí ibi tí ì bá wà ká ní ìmọ̀ràn náà tọ̀nà: mílíọ̀nù 3 tó kù. Wọ́n lè yọ owó adójútòfò tí ì bá san lé e fún mílíọ̀nù 15 yòókù kúrò nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó jọ èyí pọ̀ nídìí ọkọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, NAICOM gbé owó adójútòfò ọkọ̀ àdáni tó kéré jù, èyí tó wà fún òfò ẹlòmíràn, láti 5,000 náírà sí 15,000 náírà. Ìwé náà lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá bà jẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sáré lọ rà á. Ìwé yìí kò ní tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Alágbàtà tó bá sọ fún awakọ̀ pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá fara gbá lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, wọn yóò bá a tún un ṣe lórí ìwé 15,000, ti fún un ní ìmọ̀ràn tó lè gbé e dé kóòtù.

Owó tó wà lọ́wọ́ búrókà

Abala 50 òfin 2003 sọ pé láìsan owó adójútòfò ṣáájú, kò sí adójútòfò. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà tẹnu mọ́ ọn nínú ẹjọ́ Corporate Ideal àti ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta lọ́dún 2014. Ìlànà yìí le, ṣùgbọ́n abala kan náà fi ààbò kan sí i: owó tí búrókà bá gbà lọ́wọ́ oníbàárà nídìí iṣẹ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ lọ, òfin kà á sí owó tó ti dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Bí búrókà bá jókòó lé owó náà, tí iná sì jó ilé, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò lè torí ìyẹn lé oníbàárà padà. Àárín ilé-iṣẹ́ náà àti búrókà ni ọ̀rọ̀ owó náà wà.

Ààbò yìí kò sí fún ẹni tó fowó lé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, kò sì rọrùn fún ẹni tí kò gba rìsíìtì.

Fọ́ọ̀mù àti ẹni tí kò mọ̀wé

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ọjà ti wọnú ara wọn tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Àǹfààní ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ hàn gbangba nídìí fọ́ọ̀mù adójútòfò, nítorí abala 54 òfin 2003 sọ pé ajẹ́ńtì tó bá bá oníbàárà kọ fọ́ọ̀mù, oníbàárà ló bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Bó bá kọ ìrọ́ síbẹ̀, ọrùn oníbàárà ni ìrọ́ náà wà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti sanwó.

Nǹkan méjì ló ń dín ìnira yìí kù. Abala kan náà sọ pé ohun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè, wọn kò gbọdọ̀ kà á sí pàtàkì lẹ́yìn òfò. Èkejì ni òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé, èyí tó ti wà láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn: ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Orúkọ yẹn ni yóò tọ́ka sí ẹni tó yẹ ní pípè lẹ́jọ́.

Ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn

Ohun mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́, pé búrókà jẹ ẹ́ ní ojúṣe. Ìkejì, pé búrókà kùnà nínú ojúṣe náà. Nígbà púpọ̀, búrókà mìíràn tó mọṣẹ́ ni yóò wá jẹ́rìí ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìkẹta, pé ìkùnà náà ló fa òfò tí ó ń béèrè owó rẹ̀. Ìkẹrin, iye òfò náà.

Ìkẹta ló ń gbé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ṣubú. Ká ní oníṣòwò kan ní Láfẹ́nwá ní búrókà kò sọ̀rọ̀ omíyalé fún òun. Bí búrókà bá lè fi hàn pé kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kankan tí ì bá gbà láti gbé ewu omi fún ṣọ́ọ̀bù náà, tàbí pé oníṣòwò náà kò ní san owó tó lé e bí wọ́n tilẹ̀ sọ fún un, òfò náà kò ti ọwọ́ búrókà wá. Búrókà tún lè sọ pé oníbàárà fi òótọ́ pa mọ́ fún òun, tàbí pé òun kọ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ tí oníbàárà kò kà sí.

Ìdí nìyí tí ìwé fi ṣe kókó. Lẹ́tà, rìsíìtì, ẹ̀dà fọ́ọ̀mù àti àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ni kóòtù yóò wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu láìsí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó ń ta kora ni yóò dà níwájú adájọ́.

Ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀sùn lọ

Oníbàárà lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní NAICOM, tàbí sí NCRIB tí búrókà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. NAICOM lè bá búrókà wí, ó sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba owó gbà-má-bìínú lórí àdéhùn tàbí àìbìkítà lè gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àkókò kò dúró dè é: ọdún mẹ́fà ni òfin fi sí ẹjọ́ àdéhùn lásán, ó sì ń ka ọdún náà láti ọjọ́ tí búrókà ti kùnà, èyí tó lè ti pẹ́ kí òfò tó fara hàn.

Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀nà tó tún rọrùn ju èyí lọ. Láti ọdún 2005 ni iṣẹ́ búrókà ti wà lábẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìnáwó níbẹ̀, oníbàárà sì lè gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ onílàjà ètò ìnáwó láìsan kọ́bọ̀. Ohun tó tọ́ kí Nàìjíríà náà ní ni, nítorí oníṣòwò kékeré tó pàdánù mílíọ̀nù kan kò ní agbára láti fi ọdún púpọ̀ lé ẹjọ́ káàkiri kóòtù.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín búrókà àti ajẹ́ńtì. Ta ni oníbàárà yóò pè lẹ́jọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí sì nìdí?
2. Kí ni búrókà Osman ṣe tí kò yẹ kó ṣe, kí ni kò ṣe tó yẹ kó ṣe?
3. Oníṣòwò kan ní Kútọ̀ ní ọjà mílíọ̀nù 12 náírà. Lórí ìmọ̀ràn búrókà, mílíọ̀nù 6 ló kọ sínú fọ́ọ̀mù. Iná jó ọjà mílíọ̀nù 2. Èló ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san? Èló ló lè béèrè lọ́wọ́ búrókà?
4. Búrókà kan gba owó adójútòfò ní oṣù Kẹta, kò fi ránṣẹ́, ilé sì jó ní oṣù Karùn-ún. Lo abala 50 láti dá ẹjọ́ náà.
5. Béèrè ìwé adójútòfò ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ. Kọ ewu tó wà nínú rẹ̀ sí apá kan, kí o kọ èyí tí kò sí nínú rẹ̀ sí apá kejì. Ka méjèèjì sí ẹni tó ni ín létí ní Yorùbá, kí o sì bá a kọ ìbéèrè tó kù sílẹ̀ fún búrókà rẹ̀ kí ọjọ́ àtisan owó ọdún tó ń bọ̀ tó pé.